Kírímù “organic” tí wọ́n ń tà lọ́jà Kàbà: ṣé ó ń mú àmì lọ, ṣé kò sì léwu?

Ọmọ Ìyàrà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó sí i. Ní àsìkò kajú tó kọjá, mo bá màmá mi ṣe kóró kajú lóko, oje èèpo rẹ̀ ta sí mi lápá àti lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó jó mi, ó lé ròrò, ó bó, ó sì jinná, ṣùgbọ́n àmì tó fi sílẹ̀ dúdú kirikiri, kò lọ títí di ìsinsìnyí. Ìgbéyàwó mi ń bọ̀ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde.

Ẹnì kan tó ń ta nǹkan ìpara lọ́jà Kàbà ní òun ní kírímù kan tó jẹ́ ewé àti èso nìkan, kò ní kẹ́míkà kankan. Ó ní ọjọ́ 7 péré ni àmì yẹn máa lọ, gbogbo ara mi á sì pupa kí ó lè dọ́gba. Ike funfun ni, bírò ni wọ́n fi kọ “organic” sí i lára. ₦12,000 ló pè é. Àǹtí mi ní kí n rà á, màmá mi ní n ò gbọdọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣé ìpara ewé lè mú àmì lọ lóòótọ́? Ṣé kò sì ní ṣe mí ní nǹkan?

Ìyá Oníkajú, Ìsánlú

Okun o, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́, ó dùn mí. Kò sí ẹni tó ń ṣe kajú tí oje èèpo rẹ̀ ò tíì jó rí. Ọwọ́ èmi náà ti bó, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì dúdú kí ó tó padà bọ̀ sípò. Àmì yẹn máa ń lọ fúnra rẹ̀, ó kàn máa ń pẹ́ ni. Nínú àwa tá a jọ ń ṣe é, àwọn tí tiwọn ń pẹ́ jù ni àwọn tí kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n á fi kànìnkànìn ha á, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, wọ́n á tún gbé e jáde sínú oòrùn. Òrí ni mo fi ń pa tèmi láàárọ̀ àti lálẹ́, aṣọ alápá gígùn ni mo sì ń wọ̀ lọ sóko.

Ti ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi epo pa ọwọ́ dé apá dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kóró tí wọn ò tíì yan. Bí oje bá ta síni lára, omi àti ọṣẹ ni lójú ẹsẹ̀, kí ènìyàn má sì fi ọwọ́ yẹn nu ojú. Bí ẹ bá ń yan án, ẹ má dúró síbi tí èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí. Èéfín náà ń jó ojú, ó ń jó ara.

Bọ̀dá Apòògùn, Lọ́kọ́ja

Ìyàwó ọ̀la, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ìbéèrè méjì lẹ bi wá, ẹ jẹ́ n dá wọn yà sọ́tọ̀.

Ṣé nǹkan tó ti ara ewé àti èso wá lè dín àmì dúdú kù? Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan lè ṣe é. Ohun tó ń mú awọ wa dúdú ni melanin. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó wà nísàlẹ̀ awọ ló ń ṣe é, wọn ò sì lè ṣe é láìsí èròjà kan tó ń jẹ́ tyrosinase. Bí iná, egbò tàbí irorẹ́ bá ba awọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á tú melanin jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó wà lápá yín nìyẹn. Kojic acid wà, ara èbu tí àwọn ará Japan fi ń po ọtí ìrẹsì ni wọ́n ti rí i ní 1907. Arbutin wà, inú ewé igi kan tó ń jẹ́ bearberry ló ti wá. Gbòǹgbò licorice wà, fítámì C wà. Gbogbo wọn ló ń dí tyrosinase lọ́wọ́. Niacinamide, tó jẹ́ ọ̀kan lára ìdílé fítámì B, kì í jẹ́ kí melanin rí ọ̀nà gun òkè awọ. Azelaic acid náà wà, tó wà nínú àlìkámà àti ọkà bálì. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí aboyún náà lè lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹni tó ń lò wọ́n déédéé láàárọ̀ àti lálẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Ojú àmì ni wọ́n ń bá jà, wọn kì í sọ adúláwọ̀ di pupa látòkè délẹ̀. Awọ tuntun fúnra rẹ̀ ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kí ó tó rọ́pò ti àtijọ́, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọjọ́ orí bá ti ń ga. Ewé wo ló wá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 ní ọjọ́ 7? Ẹni tó bá ṣèlérí ọjọ́ 7 fún yín, ohun mìíràn ló wà nínú ike rẹ̀.

Ìbéèrè kejì, ṣé ohun tó jẹ́ ewé kò lè ṣèèyàn ní nǹkan? Oje tó jó yín lápá, inú oko ló ti wá, ẹnikẹ́ni ò po kẹ́míkà mọ́ ọn. Kojic acid máa ń mú kí ara àwọn kan yún wọn, kó sì pọ́n. Arbutin lè yí padà di hydroquinone, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bóra, lára awọ, ẹ ó gbọ́ orúkọ yẹn láìpẹ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tí Màmá dárúkọ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò lè ṣe nǹkan. Àwọn èròjà kan wà nínú oje àti èèpo rẹ̀ tó jẹ́ pé bí oòrùn bá bá wọn lára ènìyàn, ṣe ni wọ́n á jó awọ. Ó lè má hàn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á lé ròrò. Bó bá gbẹ tán, àmì rẹ̀ á dúdú ju èyí tí ẹ fẹ́ mú lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Mo ti rí i lójú àwọn ọmọbìnrin tó wá rajà lọ́dọ̀ wa. Ibi tí oje náà gbà ṣàn gẹ́lẹ́ ló máa ń dúdú: ìlà kan láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí àgbọ̀n, òmíràn lọ sí ọrùn.

Ìbẹ́pẹ àti oyin kò burú, wọ́n ń bó awọ tó ti kú lókè ara kúrò kí ojú máa dán, ibẹ̀ náà ni agbára wọn mọ. Àtalẹ̀ pupa máa ń kun ènìyàn lásán ni, bẹ́ ẹ bá wẹ̀ ẹ́, ó lọ. Òrí àti àdín àgbọn ń mú ara rọ̀, wọn kì í mú ara pupa. Kárọ́ọ̀tì lọ́bẹ̀ ló dára jù.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ 7 tí Bọ̀dá sọ yẹn ni kó o dì mú. Bí ìpara bá sọ ènìyàn di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń fura sí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni mẹ́kúrì, irin olóró kan. Ó ń pa tyrosinase yẹn ní kíákíá, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lójú. Ṣùgbọ́n ó ń gba inú awọ wọlé, kíndìnrín ló sì ń lọ bá. Ẹsẹ̀ á wú, ìtọ̀ á máa hó, ẹni náà ò sì ní rò pé ìpara ló fa á. Ó tún ń ba iṣan ara jẹ́: ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun ò ní dá, nǹkan á máa fò ó lọ́kàn. Aboyún tó ń lò ó ń pín in fún ọmọ inú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹni tó ń pa á nìkan kọ́ ló ń jìyà rẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ táwẹ̀lì, mọ́ aṣọ ìbora, mọ́ ìrọ̀rí, ó sì ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ọmọ ọwọ́ tó ń sùn láyà ìyá rẹ̀ ń gbà á.

NAFDAC fòfin de mẹ́kúrì nínú ohun ìṣaralóge. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, Nàìjíríà sì wà lára wọn, fẹnu kò pé kí gbogbo ohun ìṣaralóge tó ní mẹ́kúrì kúrò lọ́jà nígbà tí 2025 bá fi máa pé. Síbẹ̀ ó ṣì ń wọlé. Lára ike, ẹ lè rí i pẹ̀lú orúkọ calomel, mercurous chloride, mercuric iodide tàbí mercurio. Bí orúkọ kankan ò bá sí, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé kí ẹ má jẹ́ kó kan wúrà, fàdákà, rọ́bà tàbí aluminium. Ìpara tó ń ba wúrà jẹ́, mẹ́kúrì ni kẹ́ ẹ fura sí nínú rẹ̀.

Ìkejì ni sítẹ́rọ́ìdì, clobetasol àti betamethasone. Oògùn gidi ni wọ́n. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún aláìsàn awọ ara, fún ojú ibi díẹ̀, fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń fi wọ́n pa gbogbo ara lójoojúmọ́, awọ á fẹ́lẹ́ títí iṣan ẹ̀jẹ̀ á fi máa hàn. Abíyá àti itan á ya ní ìlà ìlà, ìlà yẹn kì í sì lọ mọ́. Irorẹ́ á bo ojú. Làpálàpá tó wà ní ojú kan á tàn, á sì yí ìrísí padà débi tí ẹni tó rí i ò ní dá a mọ̀. Ó lè gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Bí wọ́n bá ń pa á súnmọ́ ẹyinjú fún ọdún pípẹ́, ó lè ba ìríran jẹ́. Egbò ò ní tètè jinná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró ti aboyún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mọ ohun tí mò ń sọ, bí awọ bá ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, rírán rẹ̀ á di wàhálà.

Ìkẹta ni hydroquinone. NAFDAC ò gbà kó ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú ohun ìṣaralóge. Èyí tí wọ́n ń pò lábẹ́lẹ̀, ta ló wọ̀n ọ́n? Ẹni tó bá ń lò ó fún ọdún mélòó kan, pàápàá tó tún ń rìn nínú oòrùn bíi tiwa níbí, orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú mọ́ aró, awọ ibẹ̀ á nípọn, á rí kótikòti bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án. Kò sí ìpara tó ń mú ìyẹn lọ dáadáa. Ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ ni pé bó ṣe ń dúdú ni wọ́n ń pa púpọ̀ sí i. Ní South Africa ni dókítà ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1975, ìjọba wọn sì fòfin dè é nínú ohun ìṣaralóge ní 1990.

Àbúrò mi, mi ò sọ pé gbogbo ìyẹn ló wà nínú ike tìẹ. Mo ń sọ pé ìwọ ò mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó ń tà á gan-an má mọ̀.

Ológe Kàbà

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi náà ń po ìpara tà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tiwa. Òrí, àdín àgbọn, òróró kárọ́ọ̀tì àti ọṣẹ dúdú ni mò ń lò, mo sì ń sọ fún oníbàárà pé ara wọn á rọ̀, á sì máa dán. Mi ò ṣèlérí àwọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu wa. Wọ́n á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: “Àǹtí, tiyín ò lágbára, ẹ fi nǹkan sí i.” Nǹkan náà ni túùbù tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísìtì àti páúdà tó ń wá nínú ọ̀rá láìní orúkọ. Wọ́n á fún un sínú ìpara olómi, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á kọ organic sí i lára. Mo mọ àwọn tó ń ṣe é. Àwọn tó kọ̀ láti ṣe é, ọjà wọn ń kùtà. Ẹ bá àwọn tó ń rà á náà sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ bi Bọ̀dá Apòògùn: àwọn kan ń lọ ìbẹ́pẹ àti kárọ́ọ̀tì tútù mọ́ ti wọn, ṣé ó dára?

Bọ̀dá Apòògùn, Lọ́kọ́ja

Àǹtí Ológe, ẹ ṣeun gan-an fún òtítọ́ yìí. Àwa tó ń ta oògùn náà lẹ́bi níbẹ̀, torí àwọn túùbù yẹn kò yẹ kó kúrò lórí káńtà wa láìsí ìwé dókítà.

Lórí ìbẹ́pẹ tútù: ohun tí omi bá wà nínú rẹ̀, tí kò sì ní èròjà tó ń dènà ìbàjẹ́, kòkòrò àìfojúrí àti èbu á gbà á nínú ooru wa yìí kó tó pẹ́. Ìpara tó jẹ́ òrí àti òróró nìkan ń pẹ́, àmọ́ gbàrà tẹ́ ẹ bá ti fi omi èso, mílíìkì tàbí aloe vera tútù sí i, ó ti yàtọ̀. Òórùn rẹ̀ lè má tíì yí padà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa eéwo àti irorẹ́ fún ẹni tó ń pa á. Kẹ́ ẹ máa pò ó níwọ̀nba tí ènìyàn máa lò tán lọ́jọ́ kan, tàbí kẹ́ ẹ má fi sí i rárá. Ọṣẹ dúdú náà, ẹ máa kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi ọṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ lójú pẹ́. Omi eérú tó wà nínú rẹ̀ le, ó ń gbẹ awọ, awọ tó bá sì ń gbẹ tó ń yún, dúdú ló máa ń dú sí i.

Bàbá Tólú, Mọ́pà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ àgbà. Àwọn ìyá wa dúdú, ọkọ fẹ́ wọn, wọ́n gbayì. Osùn ni wọ́n fi ń kun ìyàwó nígbà náà, ó ń pa awọ mọ́, kò sì bó ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi, ọkọ tó rí ẹ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ tó sì sọ pé ìwọ lòun fẹ́, àwọ̀ yẹn náà ló fẹ́.

Adùnní

Bàbá, ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ yín tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá àwọn ọmọkùnrin náà sọ ọ́. Ẹnu kan náà tí wọ́n fi ń sọ pé “dúdú ń dán” ni wọ́n fi ń béèrè pé ọ̀rẹ́ rẹ tó pupa yẹn dà. Lójú agbo ijó, ẹni tó pupa ni wọ́n ń kọ́kọ́ náwó fún. Ọmọ Ìyàrà ò sì sọ pé òun fẹ́ bóra, àmì ló fẹ́ mú kúrò. Olùtajà ló fi gbogbo ara kún un.

Mo ní ìbéèrè kan fún Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń lo irú àwọn ìpara àpòpọ̀ yìí tipẹ́. Ó fẹ́ jáwọ́. Ṣùgbọ́n gbàrà tó bá ti dáwọ́ dúró, ojú rẹ̀ á pọ́n, á máa jó o bí ẹni ń ta á láta, á sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ni ó bá tún padà sí i. Kí ni kó ṣe?

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Adùnní, bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ fún un pé kì í ṣe agídí ni, ohun tó wà nínú ìpara ló ń fà á padà. Ó jọ pé sítẹ́rọ́ìdì ló wà níbẹ̀. Awọ ti mọ́ ọn lára, bí wọ́n bá sì gbà á lójijì, bó ṣe máa ń bínú nìyẹn.

Kó má dá a dúró lójijì bó bá jẹ́ gbogbo ara ló ń fi í pa. Ìdí ni pé sítẹ́rọ́ìdì tó ń gba awọ wọlé fún ìgbà pípẹ́ máa ń mú kí ara ṣíwọ́ ṣíṣe tirẹ̀. Bí ti ìta bá wá dáwọ́ dúró lọ́sàn-án kan òru kan, ó lè rẹ̀ ẹ́ gidigidi, kí òòyì máa kọ́ ọ, kó máa bì, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kó lọ bó bá rí irú rẹ̀, kó má dúró di ọjọ́ kejì. Dókítà ló máa sọ bó ṣe máa dín in kù: túùbù tí agbára rẹ̀ kéré, lẹ́yìn náà lójoojúmọ́ di ọjọ́ kan fò, títí á fi tán. Kó gbé ike ìpara yẹn dání lọ, kó má tì í lójú. A ti rí púpọ̀, a ò sì ní fi ṣẹ̀sín.

Nígbà tó bá ń lọ, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá purotéènì wà nínú rẹ̀. Ìtọ̀ wíwò yẹn kò wọ́n, kò sì le, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa bóyá kíndìnrín ti ń fara gbá a. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ojú rẹ̀ tó balẹ̀. Òrí tàbí vaseline lásán, ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, àti ìbòjú kúrò nínú oòrùn ni kó fi máa tọ́jú rẹ̀. Ìwọ náà, dúró tì í. Àárín oṣù àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún wá fi abẹ́rẹ́ glutathione, èyí tí wọ́n fi ń bóra, lọ̀ ọ́ pé òun ló máa gbà á sílẹ̀, kó sá. Ohun tí wọ́n ń gún sínú iṣan kì í ṣe ohun ìṣaralóge mọ́, ó ti fa àìsàn kíndìnrín àti awọ bíbó fún àwọn ènìyàn.

Ọmọ Ìyàrà

Ẹ̀yin ará ilé, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Mo lọ bá olùtajà yẹn, mo ní kó ṣí ike náà kí n wò ó. Òkè rẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú, abẹ́ rẹ̀ sì funfun. Ó ń rùn bí lọ́fínńdà, abẹ́ òórùn náà sì ń ta bí oògùn. Mo béèrè nọ́ńbà NAFDAC, ó ní ti ìbílẹ̀ ò nílò nọ́ńbà. Ó wá fi kún un pé kí n máa bọ́ òrùka mi kí n tó pa á. Ara mi ta nígbà tó sọ ìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

O ṣeun, àbúrò mi. Bọ́ òrùka rẹ kẹ̀! Ọ̀rọ̀ òrùka yẹn nìkan ti tó.

Bọ̀dá Apòògùn, Lọ́kọ́ja

Òkè tó ń pọ́n rúsúrúsú yẹn, hydroquinone máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Fítámì C náà ń ṣe é o, kí n má purọ́ mọ́ olùtajà. Ṣùgbọ́n ìpara tí wọn ò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kò sí ohun tí ènìyàn lè fi gbè é lẹ́yìn. Nọ́ńbà NAFDAC náà, ẹ má kàn wò ó lára ike. Wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Greenbook, ẹ lè tẹ orúkọ ọjà síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó wà lóòótọ́.

Ohun tí mo rò pé ẹ lè ṣe láti ìsinsìnyí títí di ọjọ́ ìgbéyàwó nìyí. Oòrùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jà, torí kò sí ìpara tó ń mú àmì lọ bí oòrùn bá ń dá a padà lójoojúmọ́. Akẹtẹ̀ elétí gbòòrò, aṣọ alápá gígùn, àti sunscreen, ìpara tó ń dènà oòrùn, tí SPF rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi agbára rẹ̀ hàn) tó 30 ó kéré tán, kẹ́ ẹ máa tún un pa ní wákàtí méjì méjì bẹ́ ẹ bá wà níta. Fún awọ dúdú, èyí tó ní àwọ̀ búráùn nínú dára jù, torí iron oxide tó fún un ní àwọ̀ ń dènà ìmọ́lẹ̀ tí sunscreen funfun kì í lè dènà. Lálẹ́, ẹ wá ìpara niacinamide ìdá 4 tàbí 5 nínú 100, tàbí azelaic acid, kẹ́ ẹ fi sí ojú àmì nìkan. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, kẹ́ ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá yún, tí kò pọ́n, kẹ́ ẹ tó gbé e sójú. Kànìnkànìn yẹn, ẹ jẹ́ kó lọ simi.

Ó lè má tíì tán pátápátá nígbà tí ọjọ́ bá pé, ṣùgbọ́n á ti fúyẹ́.

Ọmọ Ìyàrà

Bọ́ bá wá kù díẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́, Bọ̀dá?

Ológe Kàbà

Èmi ni kó o bi nípa ìyẹn. Wọ́n ń pè é ní concealer, ẹni tó máa kùn ẹ́ lójú lọ́jọ́ yẹn ní in lọ́wọ́. Èyí tó ní àwọ̀ ọsàn díẹ̀ nínú ló kọ́kọ́ máa fi bo ojú àmì, kí ó tó wá fi èyí tó bá àwọ̀ rẹ mu lé e. Tapá ńkọ́? Ṣe ni wọ́n máa rán apá bùbá rẹ dé ọrùn ọwọ́. Ẹ jọ lọ wò ó ṣáájú, kó dán an wò lára rẹ kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an. Ìwọ ṣáà pàdé mi lọ́jà, n ó júwe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ìyá Oníkajú, Ìsánlú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ. Ìbéèrè kan péré ló kù mí. Ìyàwó ọmọ mi ń fi ìpara tirẹ̀ pa ọmọ oṣù mẹ́ta, ó ní kí ọmọ lè pupa. Kí ni kí n sọ fún un tí kò fi ní dà bí ìjà ìyá ọkọ?

Nọ́ọ̀sì Yàgbà

Màmá, ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé awọ ọmọ ọwọ́ fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ sì kéré, ohun tí a fi pa á ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju tàgbà lọ. Bó bá jẹ́ mẹ́kúrì ló wà níbẹ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ ọmọ ló ń san gbèsè rẹ̀. Bó bá jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, ó lè dí ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́wọ́. Òrí tó mọ́ tó fún ọmọ. Bí ọmọ bá ní ojú tó wú, tó ń sanra lójijì, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ kéré, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kẹ́ ẹ sì gbé ike ìpara náà dání. Bó bá kọ̀ láti gbọ́ lẹ́nu yín, ẹ ní kó wá bá mi lọ́jọ́ tó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, n ó bá a sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n.

Bọ̀dá Apòògùn, Lọ́kọ́ja

Ọmọ Ìyàrà, kẹ́ ẹ tó ra èyíkéyìí nínú àwọn tí mo dárúkọ, ẹ ya ẹ̀yìn ike rẹ̀ ní fọ́tò, ẹ fi síbí. Èmi tàbí Nọ́ọ̀sì á ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín.